Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Iṣẹ́ Wo Ló Wà Nílé fún Agbẹ̀bí Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gboyè Lókè Òkun?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo lẹ́tà tá a yàn lóṣù yìí dá lé: àwọn ọmọ wa tó lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí wọ́n sì fẹ́ wá ṣiṣẹ́ nílé. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń parí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí ní yunifásítì kan nílùú Leeds lóṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Abẹ́òkúta sì ni ilé wa. Àwọn kan ń sọ pé kò síṣẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn kan ní iṣẹ́ wà lọ́pọ̀ yanturu torí pé gbogbo nọ́ọ̀sì ti jápa. Ta ni kí n gbà gbọ́? Kí ni kí n sì kọ́kọ́ ṣe? — Ọmọ Ẹ̀gbá, Leeds

Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Àìní pọ̀ gan-an, àyè iṣẹ́ tí owó oṣù wà fún ni kò pọ̀ tó. Ìṣirò tí àjọ WHO àtàwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025 sọ pé obìnrin bí 75,000 ni oyún tàbí ìrọbí gba ẹ̀mí wọn ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Iye yẹn ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyẹn tí yóò ní agbẹ̀bí ti pọ̀ jù. Àmọ́ àìní nìkan kọ́ ló ń mú kí ìjọba gbani síṣẹ́. Àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná.

Ẹ wo ètò Midwives Service Scheme tí NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìlera alábọ́ọ́dé, dá sílẹ̀ lópin ọdún 2009. Agbẹ̀bí mẹ́rin ni wọ́n ń fi sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yàn. Ìjọba àpapọ̀ ń san ₦30,000 lóṣù, ìpínlẹ̀ yóò fi ₦20,000 kún un, ìjọba ìbílẹ̀ yóò mú ₦10,000 àti ilé gbígbé wá. Èrò náà dára púpọ̀. Ibi tó ti wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kò san tiwọn déédéé, àwọn agbẹ̀bí sì ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá wá fi irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ̀ yín lónìí, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó ń san owó náà, àti bóyá àpò kan ṣoṣo ló ti ń wá tàbí àpò mẹ́ta.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ má wọ bàálù kí orúkọ yín tó wọ ìwé NMC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Ìlú Ọba. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n gba oyè, inú wọn dùn, wọ́n dì ẹrù, wọ́n ní ṣebí Nàìjíríà làwọn ń lọ, kí làwọn fẹ́ fi ìforúkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Oyè yunifásítì kì í ṣe àṣẹ iṣẹ́. NMCN, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, yóò fẹ́ mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè tó kọ́ yín níṣẹ́ gbà pé ẹ tó ṣe é. NMC ní láti fi ìwé tí wọ́n ń pè ní Certificate of Current Professional Status ránṣẹ́ sí NMCN fúnra wọn. Wọn ò ní kó o lé yín lọ́wọ́, ẹ̀dà tẹ́ ẹ bá sì mú wá fúnra yín kò ní wúlò. Bí orúkọ yín ò bá sí nínú ìwé wọn, kò sí ohun tí wọ́n máa fi ránṣẹ́.

Nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, ẹ gba gbogbo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀. Ìlànà Ìlú Ọba ni pé akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí ọlọ́dún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán wákàtí 4,600, kí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì àti iṣẹ́ ọwọ́ sì dọ́gba nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí ogójì, kó sì ti ṣàyẹ̀wò aláboyún nígbà ọgọ́rùn-ún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń kó àkọsílẹ̀ yìí sí báyìí, wọ́n sì máa ń ti ojú ewé náà pa lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ilé ẹ̀kọ́ fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹ tún gba transcript méjì tí wọ́n fi èdìdì dì, àti lẹ́tà tó sọ iye wákàtí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan.

Èsì ìdánwò girama yín náà ńkọ́? Nílé níbí, kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè kí èèyàn tó wọlé kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàólójì, kẹ́mísírì àti físíìsì, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ. Ẹni tó gba ọ̀nà mìíràn wọ yunifásítì lọ́hùn-ún lè má ní físíìsì rárá. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, ẹ kọ̀wé sí NMCN kẹ́ ẹ tó dé, kẹ́ ẹ sì gba èsì wọn lórí ìwé.

Ẹ wo orúkọ tó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan dáadáa. Bí èsì WAEC bá ń jẹ́ ti bàbá, tí oyè ń jẹ́ ti ọkọ, tí páásípọ́ọ̀tù tún wá fo orúkọ àárín, fáìlì yín lè sùn sórí tábìlì fún oṣù mélòó kan. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn ló ń tú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó fi fáìlì sílẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín.

Bí NMCN bá ti yẹ ìwé yín wò, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ àbójútó ní ilé ìwòsàn tí wọ́n fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ sì ṣe ìdánwò. Ẹ má kà á sí ìwọ̀sí. Tá a bá kà á sí àǹfààní, ibẹ̀ ni mátíróònù ti ń mọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ náà kàn yín, torí ẹ ò tíì pé 30 nígbà tẹ́ ẹ gboyè. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ béèrè ìwé ẹ̀rí NYSC tàbí ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lókè òkun máa forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn, lẹ́yìn náà ẹ óò gbé ojúlówó ìwé lọ fún àyẹ̀wò: oyè, transcript, WAEC, àti páásípọ́ọ̀tù tí òǹtẹ̀ ìjáde àti ìwọlé hàn nínú rẹ̀. Ẹ má sọ páásípọ́ọ̀tù àtijọ́ nù. Láti 2024 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ₦77,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù àgùnbánirọ̀. Tí láìsẹ́ńsì yín bá ti jáde kẹ́ ẹ tó lọ sí àgọ́, wọ́n lè fi yín sí yàrá ìrọbí. Tí kò bá tíì jáde, ẹ lè bá ara yín nílé ẹ̀kọ́ girama kan, kẹ́ ẹ máa kọ́ wọn ní bàólójì fún odindi ọdún tí ọwọ́ yín ì bá fi máa mọ́ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó le jù. Agbẹ̀bí lẹ kọ́, ẹ ò kọ́ nọ́ọ̀sì. Nílé, irú agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ wà, ilé ẹ̀kọ́ sì wà fún un. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ máa du àyè ló ti kọ́kọ́ gba ìwé nọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó fi oṣù 18 kọ́ ti agbẹ̀bí lé e. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí RN/RM nínú ìkéde iṣẹ́. Ilé ìwòsàn kékeré nífẹ̀ẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ torí ó lè gbẹ̀bí lówùúrọ̀, kó sì tọ́jú aláìsàn ibà lálẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kẹ́ ẹ má lọ bá wọn du ibẹ̀. Ibi tí ìbímọ ti jẹ́ iṣẹ́ gidi ni kẹ́ ẹ kọjú sí: Lagos Island Maternity, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù, Ìbàdàn, Mother and Child Hospital ní Àkúrẹ́. Lọ́dọ̀ yín ní Abẹ́òkúta, FMC wà ní Ìdí-Àbà, Sacred Heart ti ìjọ Àgùdà sì wà ní Láńtòrò, ilé ìwòsàn tó ti wà láti 1895. Ẹ fi í sọ́kàn pé ọ̀nà méjì ni ti Èkó: Health Service Commission ló ń gbani sí ilé ìwòsàn ńlá ìpínlẹ̀, Primary Health Care Board ló ń gbani sí alábọ́ọ́dé. Fọ́ọ̀mù ọ̀kan kì í dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ní ti owó, ẹ má ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Leeds. £31,049 ni agbẹ̀bí tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún ní England ní 2025/26; kò síbi tí wọ́n ti ń san ìdajì rẹ̀ nílé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ni ìpele yín lórí CONHESS (ìyẹn ìlànà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera), owó iṣẹ́ òru àti owó ewu. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ òru àti owó aṣọ iṣẹ́ wà lára ohun tí NANNM, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù keje 2025.

Ọmọ mi obìnrin dé láti Ghana pẹ̀lú ìwé agbẹ̀bí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò wa ní kó máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́, pé láìsẹ́ńsì lè tẹ̀ lé e tó bá yá. Owó tí wọ́n dá kò burú. Ṣé kó lọ? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Kó má lọ o, Màmá. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí ní Nàìjíríà láìsí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé NMCN, bó ti wù kí ìwé òkèèrè rẹ̀ dára tó. Lọ́jọ́ tí aláboyún kan bá da ẹ̀jẹ̀ tó sì kú, ilé ìwòsàn yẹn yóò ní ọ̀sílíárì ni, àwọn ò mọ̀ pé kò ní láìsẹ́ńsì. Òun nìkan ni yóò dá dúró. Iṣẹ́ tó ṣe láìní láìsẹ́ńsì kò sì ní wúlò fún un níbi tí wọ́n bá ti ń ka ìrírí.

Ẹ bá wa bi í bóyá ó ti yege ìdánwò láìsẹ́ńsì ti ìgbìmọ̀ Ghana, tí orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé wọn. Bí kò bá tíì ṣe é, kó padà lọ parí rẹ̀ kíákíá, torí ibẹ̀ ni NMCN yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Bí láìsẹ́ńsì bá ti jáde, tí ilé ìwòsàn aládàáni náà ṣì ń fẹ́ ẹ, kó gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó kọ iye wákàtí, iye iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀, àti ẹni tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ lóru. Agbẹ̀bí tuntun kò yẹ kó dá wà lóru. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá tó 15, òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n máa san owó ìfẹ̀yìntì: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ wọn, ìdá 8 láti inú owó oṣù rẹ̀.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, Faransé ni gbogbo ìwé mi. Mo gbọ́ pé Nàìjíríà ò gba oyè orílẹ̀-èdè Benin mọ́. Ṣé iṣẹ́ mi ti bọ́ sómi nìyẹn? — Ọmọ ẹnubodè

Kò tíì bọ́ sómi, àmọ́ ọ̀nà yín gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Ní oṣù kìíní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò oyè láti Benin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba oyè yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé yunifásítì márùn-ún péré ní Benin àti mẹ́ta ní Tógò ni àwọn fọwọ́ sí. Ti Abomey-Calavi àti ti Parakou wà lára wọn. Lábẹ́ àwọn méjì yìí gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ti ìjọba wà: INMeS ní Kútọnu, IFSIO ní Parakou. Ẹni tó jáde níbẹ̀ ní ibi tó dúró lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jáde nílé ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìjọba Benin fúnra rẹ̀ mọ ìwé yín, tẹ́ ẹ sì lè ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́hùn-ún. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gba ẹ̀rí rẹ̀ láti iléeṣẹ́ ìlera wọn, kẹ́ ẹ sì fún ògbufọ̀ tó ti búra nílé ẹjọ́ láti túmọ̀ gbogbo ìwé, títí kan iye wákàtí iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé tí ọ̀rẹ́ tó gbọ́ Faransé bá túmọ̀ kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ tún mọ̀ pé òmìnira ìrìnnà ECOWAS jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbé níbi tó wù yín, kò sọ ìwé iṣẹ́ di èyí tí kò nílò àyẹ̀wò. Àjọ ìlera ECOWAS, OOAS, tó wà ní Bobo-Dioulasso, ti ṣètò ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí kan náà fún àwọn orílẹ̀-èdè wa. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá tẹ̀ lé e, ẹ gba lẹ́tà wọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ìjọba Benin kò bá mọ ìwé náà, ẹ má ná kọ́bọ̀ sórí ẹni tó bá ní òun yóò bá yín “ṣe é” ní Àbújá. Ẹ fi owó yẹn wọ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí nílé. Ó dùn wá láti sọ ọ́ fún ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ ó sàn kẹ́ ẹ gbọ́ ọ báyìí.

London ni mo ti gboyè, láìsẹ́ńsì Nàìjíríà sì ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìdánwò ọwọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kí ni wọ́n lè bi mí tí wọn ò kọ́ mi lọ́hùn-ún? — A. T., Ṣómólú

Ohun tó ń pa àwọn aláboyún wa ni wọ́n máa bi yín, ẹ̀jẹ̀ dídà àti gìrì ló sì ṣíwájú.

Gìrì ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Ní London, ẹ ó fún un ní magnesium sulphate 4g sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ yóò máa fún un ní 1g ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ yẹn, 4g ló ń wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, 10g ń wọ ẹran ìdí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 5g ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, 5g ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìdí, títí wákàtí 24 yóò fi pé lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó kẹ́yìn, èyí tó bá pẹ́ jù. Oògùn náà sábà máa ń jẹ́ ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìgò. Ẹ má fa á bẹ́ẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ láé: mílílítà 8 oògùn, mílílítà 12 omi abẹ́rẹ́, ìyẹn ló ń di 4g nínú mílílítà 20, ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán lẹ ó sì fi fún un. Ẹni tó bá gbàgbé omi yìí lè dá èémí obìnrin náà dúró. Kẹ́ ẹ tó fún un ní ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e, orúnkún rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì máa ta bí ẹ bá fi nǹkan gbá a, kó máa mí tó ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú kan, kí ìtọ̀ rẹ̀ sì tó mílílítà 30 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́rin tó kọjá. Ẹ mẹ́nu ba calcium gluconate 1g tó ń ṣẹ́gun magnesium tó bá pọ̀ jù lára, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ ó ti gbé e sítòsí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn kékeré yìí ni àwọn olùdánwò fi ń mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ dídà: ẹ má sọ pé ẹ ó fojú díwọ̀n. Ojú máa ń rí i kéré. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ obìnrin. Ìwádìí E-MOTIVE tó jáde ní 2023, tí àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé wíwọn ẹ̀jẹ̀ báyìí àti fífún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà dín ẹ̀jẹ̀ dídà tó lágbára àti aburú tó ń tẹ̀ lé e kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ óò fọwọ́ pa ilé ọmọ, ẹ óò fún un ní oxytocin tó ń mú ilé ọmọ sún kì, tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró) 1g sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí wákàtí mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn ìbímọ, omi fífà, kẹ́ ẹ sì yẹ ibi tó ti ya àti ibi ọmọ wò. Ẹ má fún un ní ọ̀kan kẹ́ ẹ wá dúró wò ó.

Wọ́n lè wá bi yín pé: bí ẹ bá fún un ní oxytocin tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ohun tí ẹni tó ti London dé kì í sábà rántí ni fíríìjì. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ni oxytocin ń fẹ́. Bí ó bá ti pẹ́ nínú ooru, agbára rẹ̀ lè ti dín kù. Ẹ sọ pé ẹ óò yẹ fíríìjì wò ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti pé misoprostol wà fún ibi tí iná kò ti dúró, carbetocin tí ooru kì í bà jẹ́ sì wà láti fi dènà ẹ̀jẹ̀ dídà níbẹ̀. Ẹ fi kún un pé ẹ ó ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lára obìnrin náà àti ẹni tó lè fún un ní ẹ̀jẹ̀, kí ìrọbí tó dé ojú ẹ̀.

Àwọn kéékèèké: oògùn ibà SP láti ọ̀sẹ̀ 13 oyún, lóṣooṣù, ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, àfi fún ẹni tó ń lo co-trimoxazole nítorí kòkòrò HIV. Chlorhexidine fún ìwọ́ ọmọ. Àyẹ̀wò jẹ́nótáípù. Gbígbọ́ ọkàn ọmọ pẹ̀lú fẹ̀rẹ̀ Pinard, torí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lè má sí. Ọmọ tí kò ké: kí báàgì àti ìbòmú ti wà lójú rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ béèrè bóyá partograph àtijọ́, ìwé tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí ìrọbí ṣe ń lọ, ni wọ́n ń lò tàbí Labour Care Guide ti WHO, torí ní ti tuntun, ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 5 ni ìrọbí gidi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má máa sọ “lọ́hùn-ún, ohun tá a máa ń ṣe ni...” nígbà gbogbo. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nínú yàrá ìrọbí tiwọn.

Mo ti wà nílé láti ọdún tó kọjá, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ṣé kí n jẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ Ìlú Ọba kú ni? Tó bá sì wù mí láti padà lọ́jọ́ kan ńkọ́? — Agbẹ̀bí, Ìlọrin

Ẹ má jẹ́ kó kú. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni NMC ń tún un ṣe: wákàtí iṣẹ́ 450, wákàtí ẹ̀kọ́ 35 tí 20 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tẹ́ ẹ bá àwọn ẹlòmíràn ṣe, ìròyìn márùn-ún láti ẹnu àwọn tẹ́ ẹ tọ́jú tàbí ẹlẹgbẹ́, àti àkọsílẹ̀ ìrònú márùn-ún. Owó ọdọọdún náà wà, ẹ má fò ó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe nílé lè wà lára wákàtí náà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ ní láìsẹ́ńsì NMCN. Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni àìní ẹ̀rí: ẹ kọ wákàtí sílẹ̀ lóṣooṣù, kí mátíróònù fọwọ́ sí i, torí bó bá fẹ̀yìn tì tàbí tí wọ́n gbé e lọ ibòmíràn, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí ti ọdún méjì sẹ́yìn.

Láìsẹ́ńsì ti ilé náà jẹ́ ọdún mẹ́ta, ẹ̀kọ́ MCPDP, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún tó jẹ́ dandan fún òṣìṣẹ́, ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Tó bá wá jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ fẹ́ lọ, bíi Kánádà, tí wọ́n ní kí NMCN jẹ́rìí yín, ẹ rántí ìlànà oṣù kejì 2024: ó gbọ́dọ̀ pé ọdún méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ gba láìsẹ́ńsì gidi kí wọ́n tó fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Bí ẹ bá gba tiyín lọ́dún tó kọjá, ẹ ka ọdún méjì náà láti ọjọ́ tó wà lórí láìsẹ́ńsì, ẹ má kà á láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.